Àbúrò mi tó wà lójú ogun ní Borno ń kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí sórí Facebook. Kí la máa ṣe?

Àǹtí Òwódé, Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ń fa awuyewuye nínú ilé wa.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, sójà ni. Apá Borno ló wà. Tẹ́lẹ̀, àwòrán ló máa ń gbé sórí Facebook: òun àti ìbọn, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí yanrìn, orúkọ kálukú wọn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn á kọ ọ́ pé, "A ń jáde lálẹ́ òní, ẹ fàdúrà ràn wá lọ́wọ́." A ò rí nǹkan kan nínú ìyẹn, àmín là ń ṣe.

Ìgbà tó yá ló wá kọ èyí tó gùn. Ó sọ bí àwọn ọ̀tá ṣe ya wọ àgọ́ wọn lóru, bí omi ṣe tán kílẹ̀ tó mọ́, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kóun gbé ike gààrí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ òun, tí ọta ìbọn sì bá a níbẹ̀. Ó ní ike yẹn ò dànù, pé àwọn ló padà mu gààrí náà láàárọ̀ torí kò sí nǹkan mìíràn láti jẹ. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pín in kiri. Kò pẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi ránṣẹ́ pè é. Ó ti pa á rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti tọ́jú rẹ̀. Ó lóun ò ní í dákẹ́, pé wọn ò fẹ́ káyé gbọ́ ni. Ọmọ Ọ̀fà ni, ìjàkadì lorò wa, ẹ mọ̀ pé kò ní í gbà pé ẹnì kan dá òun.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kó pa ojú ewé náà dé pátápátá. Ìyá wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ọmọ òun lẹ́nu, torí ìgbà tó bá kọ nǹkan lòun fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Èmi ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo máa gbè sí. Kí lòfin sọ? Kí ló lè kọ tí kò ní í kó bá a, tí kò sì ní í kó bá àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀?

Ajagunfẹ̀yìntì Sóbì

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́hun á dá a padà wálé láyọ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tẹ́ ẹ lẹ́ ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. "A ń jáde lálẹ́ òní": gbólóhùn yẹn burú ju gbogbo ìtàn gààrí lọ. Ẹni tó ń wá wọn pa náà ní fóònù. Ó ń ka Hausa, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má sì tan ara yín jẹ pé kò lè rí ẹni ka Yorùbá fún un.

Lóṣù Kẹta ọdún 2010, sójà Ísírẹ́lì kan kọ ọ́ sórí Facebook pé lọ́jọ́rú àwọn máa lọ fọ abúlé Qatanna nílẹ̀ Palẹ́sítínì mọ́, pé tó bá di ọjọ́bọ̀ àwọn á ti padà sílé. Ó dárúkọ ibẹ̀, ó sọ ọjọ́, ó sọ àsìkò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí i tí wọ́n fi lọ sọ. Wọ́n fagi lé ìjáde náà, ó sì fẹ̀wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá jura. Ìyẹn ṣoríire, torí pé ọ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ kà á.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ti ṣòfin látọdún 2019 pé sójà ò gbọdọ̀ mú fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ kọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Síbẹ̀, lóru tí ọdún 2023 wọlé, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ukraine bọ́ lu ilé táwọn sójà wọn kó sí ní Makiivka. Ẹnu ìjọba Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ pé èèyàn 89 ló kú. Wọ́n ní fóònù táwọn ọmọ náà tàn tí wọ́n ń lò ló tú wọn fó. Àwọn ará ọ̀hún kan ò gbà, wọ́n ní ọ̀gá tó kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni kí wọ́n bi. Lójú tèmi, ẹ̀bi wà níhà méjèèjì.

Kì í sì í ṣe òní ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó bí mi wà lára àwọn tó lọ jagun Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, lábẹ́ Dífíṣọ̀n 82. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ wálé nígbà náà, ọ̀físà ló ń kọ́kọ́ kà á. Orúkọ ìlú, orúkọ odò, iye àwọn tó kú, wọ́n á fi abẹ gé e kúrò. Wọ́n ní akọ̀wé tó máa ń ka lẹ́tà fún ìyá rẹ̀ á ka ìkíni, á ka oríṣiríṣi àdúrà, tó bá dé ibi tó lu á gbé bébà náà sókè wo ìta láti ojú ihò rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á fò ó.

Nítorí náà, kó má kọ ibi tí wọ́n wà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ìgbà tí wọ́n ń jáde, iye tí wọ́n jẹ́, irú ohun ìjà tí wọ́n ní àti èyí tó ti bàjẹ́. Kó má kọ orúkọ ẹni tó kú tàbí ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ẹ bá mi sọ fún un pé sójà àtijọ́ ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Gàmbàrí

Bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ gààrí kọjá. Àṣírí ogun wo ló wà nínú ike gààrí? Ta ni Boko Haram fẹ́ fi ìyẹn mú?

Ẹ jẹ́ ká rántí Metele ní Borno, oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Wọ́n kọ lu ibùdó àwọn sójà wa níbẹ̀, a ò gbọ́ ohùn ìjọba fún ọjọ́ mélòó kan. Fídíò táwọn sójà fúnra wọn yà ló kọ́kọ́ jáde: ọkọ̀ ogun tó ti jóná, ohùn ẹnì kan tó ń gégùn-ún pé àlòkù ni wọ́n kó fáwọn. Ìgbà tí gbogbo ìlú ti rí i tán ni wọ́n tó jáde sọ pé èèyàn 23 ló kú, tí wọ́n sì ní àwọn kan nínú fídíò tó ń lọ kiri kì í ṣe ti ibẹ̀. Ká ní kò sẹ́ni tó gbé fóònù sókè lọ́jọ́ náà, ṣé à bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Metele?

Àwọn Amẹ́ríkà náà ti ṣe irú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ Iraq ní 2003, àwọn sójà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tójú wọn rí lójoojúmọ́ sórí ayélujára, èèyàn sì ń kà á ju ìwé ìròyìn lọ. Ní 2004, ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Mosul kọ bí ìjà kan ṣe lọ, àlàyé rẹ̀ kún ju tàwọn ọ̀gá lọ fíìfíì. Ni wọ́n bá ní kó máa kọ́kọ́ fi han àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà tó di oṣù Kẹrin 2007, òfin tuntun jáde pé kí sójà tó fẹ́ kọ nǹkan kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti YouTube, MySpace àti mọ́kànlá mìíràn pa lórí kọ̀ǹpútà àwọn ológun. Ẹ wá wò ó o: oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀gágun tó wà ní Iraq ṣí ojú ewé tiwọn lórí YouTube, tí wọ́n ń fi fídíò ìjà síbẹ̀! Ó di 2010 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn padà fáwọn ọmọ tó ń ja ìjà gan-an.

Kì í ṣe ọ̀tá nìkan ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Lọ́yà Tankẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé, torí Àǹtí béèrè ohun tófin sọ.

Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo wa lómìnira láti sọ̀rọ̀. Ẹ ka ẹsẹ kẹta rẹ̀ náà: ó gbà kí wọ́n ṣòfin tó máa dín ẹ̀tọ́ yẹn kù fún ológun àti ọlọ́pàá, ó dárúkọ wọn bẹ́ẹ̀ gbangba. Nínú Armed Forces Act, òfin tó de àwọn ológun, abala 103 ni wọ́n sábà máa ń gbé wá bá sójà. Ó sọ pé ìwà tó bá lè ba ìgbọràn àti ètò jẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àpò ńlá ni, kò sóhun tí kò lè wọ inú ẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí òfin àṣírí ìjọba tọdún 1962, tí ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá tú ohun tí wọ́n fi èdìdì àṣírí dì.

Àwọn kan á sọ fún un pé òfin FOI tọdún 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, gbèjà rẹ̀. Òótọ́ ni pé abala 27 nínú òfin yẹn dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá tú jìbìtì, ìnákúnàá tàbí ewu fún ará ìlú síta láìgbàṣẹ. Ó dárúkọ Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn, ó dárúkọ òfin àṣírí ìjọba. Kò dárúkọ Armed Forces Act. Kí n má tan yín, mi ò ní í sọ fún sójà kankan pé kó gbára lé e níwájú ilé ẹjọ́ ológun.

Ẹ rántí oṣù Kẹfà 2020. Lance corporal kan ṣe fídíò, ó sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun nígbà náà lórí ọ̀rọ̀ ètò ààbò. Wọ́n mú un, wọ́n mú ìyàwó rẹ̀ náà kí wọ́n tó padà fi obìnrin náà sílẹ̀. Ọkùnrin náà pẹ́ ní àhámọ́.

Ibi tẹ́rù ti ń bà mí jù rèé. Tó bá kọ ọ́ pé "ebi pa wá", ẹjọ́ abala 103 ni. Tó bá kọ ọ́ pé "ẹ jẹ́ ká kọ̀, ká má jáde mọ́", ó ti di ọ̀tẹ̀, abala 52, ikú sì wà nínú ìyẹn. Ní 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ọ̀pọ̀ sójà lórí ọ̀tẹ̀, títí kan àwọn tó ní kò sí ohun ìjà tó tó fáwọn láti fi jà. Ó di ìparí 2015 kí wọ́n tó sọ ti mẹ́rìndínláàádọ́rin nínú wọn di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Kó lọ ka ohun tó ti kọ, kó wo bóyá gbólóhùn tó jọ "ẹ jẹ́ ká" wà níbẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, bárékè

Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ò mọ òfin, ìyàwó sójà ni mí.

Nílé tá à ń gbé tẹ́lẹ̀, a jọ ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ níwájú ilé, èmi àti ìyàwó kan tí ẹnu ọ̀nà wa kọjú síra wọn. Fóònù rẹ̀ dún. Ọwọ́ rẹ̀ ti kún fún ògì, ó ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá òun gbé e. Ọmọ yẹn ò lè ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó wo ojú fóònù, ó ní, "Mọ́mì, àwòrán Dádì ni wọ́n fi síbí, wọ́n kọ RIP." Ẹnì kan tí wọ́n jọ wà lójú ogun ló gbé e sí státọ́ọ̀sì, tó fi àmì ẹkún mẹ́ta sí i. Kò sí ọ̀físà tó tíì wá, kò sí Àlfáà, kò sí Pásítọ̀, bẹ́ẹ̀ ètò wà pé ìdílé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló túfọ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹni tó kú lẹ́bàá ike gààrí yẹn, ṣé ìyá rẹ̀ ti gbọ́ kí àbúrò yín tó kọ ọ́? Ṣé ó dárúkọ rẹ̀? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ yé bi wọ́n pé "Ibo lẹ wà báyìí?" Ẹ bi í pé ṣó ti jẹun. Tó bá ní òun wà pa, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Òwódé, Ọ̀fà

Ìyá Àdùkẹ́, omi bọ́ lójú mi. Ó dárúkọ tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, kò kọ orúkọ gidi. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà nínú èyí tó ti gbé síbẹ̀ ṣáájú, orúkọ gidi sì wà lábẹ́ ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ so ó pọ̀ á so ó pọ̀. Mo ti ní kó lọ yọ gbogbo àwòrán yẹn kúrò.

Onífóònù Táíwò Road

Kó tó yọ wọ́n, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé fóònù sójà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí mò ń rí ohun tó wà níbẹ̀ láìfẹ́ rí i.

Kámẹ́rà fóònù máa ń kọ ibi tẹ́ ẹ ti ya àwòrán sínú àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ẹ ò ní í fojú rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n á tẹ̀ ẹ́, máàpù á jáde. Kó wọ inú sẹ́tìnì kámẹ́rà, kó wá ibi tí wọ́n kọ "Location" sí, kó pa á. Tó bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́, WhatsApp máa ń nù ún kúrò. Tó bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì kó lè mọ́ dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ ìyẹn.

Ní 2007, wọ́n gbé hẹlikópítà Apache tuntun dé ibùdó Amẹ́ríkà kan ní Iraq. Àwọn sójà yọ̀, wọ́n ya á, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀tá wo inú àwòrán, wọ́n mọ ojú ibi tí wọ́n gbé e sí, wọ́n yin mọ́tà lù ú, mẹ́rin bàjẹ́. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fúnra wọn ló padà ń fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni ti Strava, áàpù táwọn tó ń sáré fi ń ka ibi tí wọ́n sá dé. Wọ́n gbé máàpù ibi táwọn èèyàn ti ń sáré lágbàáyé jáde. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní 2018, ẹnì kan ti ṣàkíyèsí pé láàárín aṣálẹ̀ níbi tí kò sí ìlú, ìlà kan ń tàn yí po. Àwọn sójà tó ń sáré àárọ̀ yí ọgbà wọn ká ni!

Tó bá tiẹ̀ pa Location, ẹ̀yìn àwòrán ń sọ̀rọ̀. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tánkì omi, òkè, orí ilé ìwé: ẹni tó gbé àdúgbò náà á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Live ló burú jù, torí ìgbà náà gan-an lẹ̀ ń fi hàn. Kó tún wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Facebook. Ọmọbìnrin arẹwà tí kò mọ̀ rí, tó kàn ń bi í pé "Honey, ṣé ẹ ti dé láti ibi tẹ́ ẹ lọ?", kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ní 2017, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì sọ ọ́ síta pé Hamas, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá jà, ló ń ṣe bí ọmọbìnrin lórí ayélujára tó fi ń wọ fóònù àwọn sójà wọn.

Tíṣà Òmù-Àrán

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ gba ọ̀nà ibòmíràn wọ̀ ọ́.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn. Láyìíká wa níbí ní Ìgbómìnà, àwọn bàbá tó lọ Bọ́mà ti kú tán. Àwọn tó ja ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970 ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé táwọn ọ̀gágun kọ pọ̀ nílẹ̀, a mọ ohun tí ọ̀gágun rò. A ò mọ ohun tí kọ́pùrù jẹ lọ́jọ́ náà. Àbúrò Àǹtí ti kọ ohun tí kọ́pùrù jẹ. Bí ẹ bá mú un kó pa á rẹ́ títí láé, ẹ ti ṣe ohun tí abẹ ọ̀físà ayé ọjọ́un ṣe.

Ohun tí mo máa ní kó ṣe ni pé kó kọ ọ́ lójoojúmọ́, kó má gbé e síta lójoojúmọ́. Ìwé tàbí ohùn, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kó kọ ọ́ ní Yorùbá tó bá fẹ́, bó ṣe ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, tí ìdílé olóògbé ti gbọ́, tí wọ́n ti sin ín, tí òun náà sì ti dé ilé, kó wá yan èyí tó fẹ́ kí ayé kà. Òru ọjọ́ náà, òùngbẹ náà, ike náà, kò sí èyí tó máa bàjẹ́ tó bá pẹ́ ọdún méjì. Ibi tí wọ́n wà àti ìgbà tí wọ́n jáde nìkan ló ń bàjẹ́ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ìyẹn náà ló sì léwu nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ ọ o. Ẹni tó ń kọ irú nǹkan báyẹn lóru, ó lè jẹ́ pé oorun ò wá ni. Tó bá gba páàsì wálé, tẹ́ ẹ rí i pó ń fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí pó ń bú èèyàn láìnídìí, ẹ má gbé e lọ ibi ìtúsílẹ̀ nìkan. UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Àwọn ológun náà ní ilé ìwòsàn 44 ní Kaduna.

Ará Èrúkù

Ẹ ń bá sójà wí, ẹ ò bá àwa wí.

Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ wa lóṣù Kọkànlá 2025, ayé rí i torí wọ́n ń gbé ìsìn náà jáde tààrà lórí ayélujára lọ́wọ́ nígbà táwọn agbébọn wọlé. Fídíò yẹn ràn wá lọ́wọ́, mi ò ní í purọ́, òun ló jẹ́ kí Àbújá gbọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, ẹni tó bá rí ọkọ̀ sójà lójú ọ̀nà á ti gbé fóònù sókè. "Àwọn ọmọ ogun ti dé o, mọ́tò mẹ́rin, wọ́n ń lọ apá inú igbó." Wọ́n á fi sí WhatsApp, ọ̀tọ̀ lẹni tó máa gbé e sí Facebook. Àwọn tó wà nínú igbó yẹn ní ọmọ ìlú tó ń ta fún wọn lóhùn, ẹ jẹ́ ká má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kí sójà tó dé ibẹ̀, wọ́n ti ṣí lọ.

Ẹ ya ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ rí ẹ̀rí gbé síwájú ìjọba. Èyí tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ fi fóònù sápò.

Ajagunfẹ̀yìntì Sóbì

Ará Èrúkù, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á dáàbò bò yín.

Ọmọ Gàmbàrí, mo ti ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. N ó dá ọ lóhùn tààrà. Ike gààrí ò ní àṣírí ogun kankan nínú. Ìtìjú ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá tí kò rómi fún àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá ló ń bẹ̀rù bó ṣe ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ilé aṣòfin àti ìyá àwọn ọmọ ló ń bẹ̀rù. Mo mọ irú wọn. Wọ́n á kó ìtìjú sínú àpótí tí wọ́n kọ "àṣírí" sí lára, wọ́n á tì í pọ̀ mọ́ àṣírí tòótọ́, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án di ọ̀dàlẹ̀. Ohun tó mú káwọn ọmọ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́ nìyẹn, débi pé nígbà tá a bá ní kí wọ́n má sọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n rò pé irọ́ kan náà ni.

Síbẹ̀, ọmọ yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìbọn ọ̀tá wà níwájú rẹ̀, ìwé ìfẹ̀sùnkàn ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ tó wà ní Gàmbàrí tó ń jẹ wàrà, má tì í.

Ọmọ Gàmbàrí

Bàbá, mo gbà fún yín lórí ibi àti àsìkò. Èmi ò tì í o. Ẹni tó bá tì í ni ẹni tó jẹ́ kómi tán.

Àǹtí Òwódé, Ọ̀fà

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù lálẹ́ àná. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé orí wàrà.

Ó ní òun gbà lórí àwòrán àti ọ̀rọ̀ ìjáde, pé òun ò tiẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àdùkẹ́ dùn ún gan-an, ó dákẹ́ pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí n bi Tíṣà àti Lọ́yà: tóun bá ní sùúrù ọdún méjì kóun tó sọ̀rọ̀, ta ló máa san alawánsì àwọn? Ó ní àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pariwo sórí ayélujára, owó wọn sì wọlé kíá. Àwọn tó kọ̀wé gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ṣì ń retí ti wọn.

Lọ́yà Tankẹ́

Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní ìdáhùn tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn pátápátá. Ìtàn ìjà lè dúró, owó oúnjẹ ò lè dúró.

Kó kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀hónú rẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, kó tọ́jú ẹ̀dà tó ní ọjọ́ lórí. Òfin àwọn ológun fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn, ẹ̀dà náà ló sì máa gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kò bá ẹnikẹ́ni sọ kó tó pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ará ilé kì í ṣe sójà. Abala 103 ò kàn yín. Ẹ lè kọ̀wé sí aṣojú yín ní Àbújá, ẹ lè kọ ọ́ sí National Human Rights Commission. Ẹ kọ ọ́ lórúkọ ìdílé. Iye oṣù tí owó ò wọlé ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ orúkọ ibùdó, ẹ má kọ iye àwọn tó wà níbẹ̀. Orí bébà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí Facebook, tẹ́ ẹ wá dárúkọ ọ̀gá kan pó jí owó láìsí ẹ̀rí lọ́wọ́ yín, abala 24 nínú òfin Cybercrimes, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, wà níbẹ̀ fún ará ìlú. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, ṣùgbọ́n wọn ò yọ eyín rẹ̀.

Àǹtí Òwódé, Ọ̀fà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ló máa kọ lẹ́tà náà, òun ló ní Gẹ̀ẹ́sì.

A ti fẹnu kò lórí ìyókù. Á máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tójú rẹ̀ rí, á máa fi í ránṣẹ́ sí èmi nìkan tó bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Sí ìyá wa, á máa fi "mo ti jẹun" ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá lè ṣe é, kó má baà máa dúró de Facebook. Onífóònù, ibo ni kí n máa kó àwọn ohùn náà sí? Fóònù mi ti kún, ọmọ mi sì máa ń gbé e ṣeré.

Onífóònù Táíwò Road

Ẹ má jẹ́ kó gbé orí WhatsApp, torí ẹni tó bá gbé fóònù yín ti gbé gbogbo ìtàn náà nìyẹn. Ẹ ra flash tó dáa, ẹ dà wọ́n sórí rẹ̀ lóṣooṣù, kẹ́ ẹ tún dà á sórí òmíràn tó máa wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọjọ́ sí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ má kọ orúkọ ìlú. Kí òun náà pa á rẹ́ lórí fóònù tiẹ̀ tó bá ti gbọ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ yín, torí tí fóònù yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ohùn rẹ̀ á máa sọ gbogbo ohun tó mọ̀.

Ẹ wo Google Photos náà: tó bá wà ní títàn lórí fóònù rẹ̀, gbogbo àwòrán ló ń gbé lọ sókè fúnra rẹ̀, kódà èyí tí kò fi han ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀ n'Ílọrin, ẹ gbé fóònù ìyá yín wá. Ẹni tó ń wọ Facebook lójoojúmọ́ láti mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè, mo fẹ́ rí ẹni tó ń pín gbogbo rẹ̀ fún lórí státọ́ọ̀sì.